Ìwọ̀n Odò Nìwọ̀n Ọ̀pá Ìwọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ti kàwé jáde, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Aberdeen báyìí, fi £200 ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ká fi ra ohun èlò ìpẹja fún àwọn tó máa ń lọ sódò lópin ọ̀sẹ̀, kí àkókò pípa ẹja trout tó ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta. Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n wa. Àpò yín kò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó yẹn ti wọlé ni ìpàdé ẹgbẹ́ kò ti rọgbọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti jókòó lé e lórí, ẹ̀ẹ̀mejì la sì ti tú ká láìfẹnu kò.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká kó gbogbo owó náà lé ọ̀pá kan ṣoṣo: ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9, tó ń lo okùn nọ́ńbà 6, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ okùn tó ń dán gbinrin. Wọ́n ní ojúlówó ni, yóò pẹ́ lọ́wọ́, ó ṣe é lò níbi gbogbo, ó sì ṣe é yà ní fọ́tò. Àwa mẹ́rin tí à ń kọ èyí, tó jẹ́ pé àwa gan-an la máa ń wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ Sátidé lọ sódò, a ní rárá. A ti sọ ọ́ nípàdé, ariwo bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwa náà ní ìwọ̀n odò nìwọ̀n ọ̀pá ìwọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí là ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kà. A ti lo ọ̀pá ńlá náà rí. Lóṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, a yá ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9, olókùn nọ́ńbà 6, lọ́wọ́ ẹnìkan, a sì gbé e lọ sí odò kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lẹ́yìn ìlú tí a ti ń kàwé. Irú odò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Scotland ń pè ní burn. Ẹ ò rí ìran! Bí a bá fì í sẹ́yìn, igi gbà á. Bí a bá fì í síwájú, ẹ̀ka tó yọrí sórí omi gbà á. Kó tó di ọ̀sán, eṣinṣin àtọwọ́dá mọ́kànlá la ti fi ṣe ọ̀ṣọ́ fún igi. Ìgbà tí okùn sì wá bá omi, ó bà á pàá bí ẹni gbáni létí, gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ sì sá sábẹ́ àpáta.

Nírọ̀lẹ́, ẹja kan gbé e. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa rí i pé omi mì, ó sì fi gbogbo agbára fa ọ̀pá sókè, bí ẹni tó fẹ́ fa ẹja ńlá jáde nínú ọ̀sà. Ẹja tí kò gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ fò jáde nínú omi, ó gba orí wa kọjá, ó sì já lulẹ̀ lórí òkúta lẹ́yìn wa. Kí a tó dé ibẹ̀, ó ti kú. Kò tó jẹ, kò sì ṣe é dá padà sómi mọ́. A dúró yí i ká, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Akọ̀wé wa kì í fẹ́ ká rántí ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mú irú ọ̀pá yìí dání rí. Nílé, bí ọmọdé bá ju ìwọ̀ sódò, òjé kékeré tó so mọ́ okùn, tàbí ekòló tó há ìwọ̀ lẹ́nu, ló ń gbé okùn lọ. Eṣinṣin àtọwọ́dá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀ bíńtín ni, tí wọ́n fi iyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú dì lára kó lè jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Ó fúyẹ́ débi pé bí a bá fi gbogbo agbára jù ú, iwájú ẹsẹ̀ wa náà ló máa já sí. Nítorí náà, okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe nípọn kó lè wúwo. Ìwúwo okùn ló ń tẹ ọ̀pá; ọ̀pá tó tẹ̀ ló ń na padà; nínà rẹ̀ ló ń gbé okùn àti eṣinṣin lọ sí iwájú. Ọ̀pá náà dà bí ọrun ọdẹ. Ọrun tí a kò fà kò lè ta ọfà.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pá ń sọ bí okùn tí ọ̀pá náà fẹ́ ṣe wúwo tó. Ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ lára okùn ni wọ́n máa ń wọ̀n. Ti nọ́ńbà 3 wúwo tó gíráàmù 6 àti ààbọ̀, ti nọ́ńbà 6 sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 10. Ẹ fojú sí ẹsẹ̀ bàtà 30 yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe ọ̀pá náà lérò pé okùn tó pọ̀ díẹ̀ yóò wà níta kí ọ̀pá tó tẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ wá bá wa ṣírò. Odò tí à ń lọ kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹja tí a fẹ́ mú kì í sì í jìnnà sí wa ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Ọ̀pá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9. Okùn tín-ín-rín tó ń dán bí gíláàsì, tí wọ́n ń so mọ́ iwájú okùn tó nípọn kí ẹja má baà rí i, tí wọ́n ń pè ní leader, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9 pẹ̀lú. Méjèèjì di 18. Ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló kù fún okùn tó yẹ kó tẹ ọ̀pá! Báwo ni ẹsẹ̀ bàtà 2 ṣe máa tẹ ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún 30? Kò lè tẹ̀. Ó máa dúró gbọningbọnin bí igi àṣá, ẹni tó mú un dání á wá máa fi èjìká jù ú, bí a ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí à ń jà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, bàbá àgbàlagbà kan, ará ibẹ̀, tí òun àti ajá rẹ̀ jọ ń rìn kọjá, dúró wò wá títí. Wọn kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọ̀pá àtijọ́ kan wá fún wa yá: ẹsẹ̀ bàtà 7, okùn nọ́ńbà 3, fáíbà gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì rọ̀ bí ewé ọ̀pẹ. Èyí tí wọ́n fi kún un ni leader ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ààbọ̀. Ẹ tún un ṣírò: 7 àti 7 àti ààbọ̀ jẹ́ 14 àti ààbọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ sì kù fún okùn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó rọ̀ ni, ìwúwo díẹ̀ ti tó o tẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹja mẹ́fà la mú. Gbogbo wọn la dá padà sómi láàyè. Ọwọ́ kan náà, odò kan náà, ojú ọjọ́ kan náà. Ọ̀pá nìkan ló yàtọ̀.

Ìdí kejì tí a fi ń jà fún ọ̀pá kékeré ni bí ẹja fúnra rẹ̀ ṣe ń gbé inú odò. Trout máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá bá a. Ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. W. C. Stewart, ọmọ Scotland, tẹ ìwé kan tó ń jẹ́ The Practical Angler jáde lọ́dún 1857, ohun tó sì tẹnu mọ́ jù níbẹ̀ ni pé kí apẹja máa rìn láti ìsàlẹ̀ odò lọ sókè, kó máa gba ẹ̀yìn yọ sí ẹja. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní àádọ́jọ ọdún, kò tíì yẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn tí ó sì rọra kúnlẹ̀, tó wọ aṣọ tí kò tàn, lè sún mọ́ ẹja tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Nígbà tí èèyàn bá sún mọ́ ẹja tó báyẹn, kí ló tún fẹ́ fi ọ̀pá tó ń ju okùn jìnnà ṣe? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Bí igi bá dí ẹ̀yìn pátápátá, ọgbọ́n kan wà tí bàbá yẹn fi hàn wá. A ó fi ìka méjì di eṣinṣin mú níbi ẹ̀yìn ìwọ̀, a ó fà á sẹ́yìn títí ọ̀pá á fi tẹ̀, a ó sì tú u sílẹ̀. Yóò ta síwájú bí ọfà, kò ní kan ewé kan. Ọ̀pá kúkúrú tó rọ̀ ló dùn ún ṣe é fún. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe yìí, kó bá wa wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ọ̀pá ńlá ń fẹ́ ná owó tó pọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ okùn. Lójú tiwa, owó tó ṣòfò jù nìyẹn. Ní odò kékeré, kẹ̀kẹ́ okùn kò ju àpótí tí à ń kó okùn sí lọ. Ẹja íǹṣì 8 kò lè sáré fa okùn jáde débi tí a ó nílò bíréèkì kankan. Ọwọ́ lásán la fi ń fa okùn wálé. Èyí tó bá fúyẹ́, tó sì ń yí, ti tó.

Okùn ni kí á náwó sí. Okùn tó léfòó ni kó jẹ́, kó sì jẹ́ irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní double taper. Bí orí kan bá gbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó yí i padà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo orí kejì. Okùn méjì la rà ní owó ẹyọ kan yẹn. Ẹ sọ fún wa, akápò wo ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣóńṣó leader tí a ń so eṣinṣin mọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì ń kọ X sí i lẹ́yìn. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ṣe ń tín-ín-rín sí i. Èyí tí a ń lò ni 5X, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má nípọn ju mìlímítà 0.15 lọ. Ìṣirò tó rọrùn wà fún un: ẹ fi 3 pín nọ́ńbà ìwọ̀, ohun tó bá jáde ló súnmọ́ nọ́ńbà X tó bá a mu. Ìwọ̀ nọ́ńbà 14 tàbí 16 bá 5X lọ dáadáa. Àwọn ìwọ̀ náà máa ń kéré sí i bí nọ́ńbà wọn bá ṣe ń pọ̀ sí i, kí ẹni tó fẹ́ ra tiẹ̀ má lọ gbé ìwọ̀ nọ́ńbà 4 wálé pé ó kéré.

Ní ti eṣinṣin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àpótí ọgọ́rùn-ún fún yín. Oúnjẹ kò pọ̀ nínú odò orí òkè, omi kò sì dúró kí ẹja rí àyè yẹ nǹkan wò. Ohun tó bá ń kọjá lọ tó sì jọ oúnjẹ, ẹja á yára gbé e kó tó lọ mọ́ ọn lójú. Irú mẹ́rin ti tó wa lọ́dún tó kọjá: Adams, tí wọ́n kọ́kọ́ dì ní Michigan lọ́dún 1922, Elk Hair Caddis, tó máa ń léfòó bí igi, eṣinṣin dúdú kékeré tó ń rì díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní spider, tí Stewart fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, àti Greenwell's Glory, tí James Wright dì ní Sprouston lẹ́bàá odò Tweed lọ́dún 1854. A ra mẹ́ta mẹ́ta. Iye tó bọ́ sórí igi lọ́dún náà jẹ́ àṣírí wa.

A mọ̀ pé àwọn tó ń ta kò wá kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn. Wọ́n ní adágún omi ńlá wà ní Scotland, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀ gan-an, wọ́n ní ọ̀pá nọ́ńbà 3 kò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Òótọ́ ni. Bí ẹgbẹ́ bá ń lọ sí Loch Leven lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwa náà á ní kí wọ́n ra nọ́ńbà 6. Ṣùgbọ́n nínú ọdún kan gbáko, ẹ̀ẹ̀kan la dé ibi adágún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá la lọ sí odò kékeré, nítorí bọ́ọ̀sì ń gbé wa débẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó ń gbé ní yàrá kan kì í lọ ra bẹ́ẹ̀dì aláfin torí pé ó lè di olówó lọ́la.

Wọ́n tún ní kì í ṣe gbogbo odò kékeré ni igi dí. Òótọ́ nìyẹn náà. Lórí òkè tí kò ní igi rárá, ọ̀pá gígùn ló dára jù, nítorí a lè fi gbé okùn sókè kó má baà kan omi tí ó ń ṣàn kíákíá. Ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ pé ọ̀pá kúkúrú nìkan ló dára. Ohun tí à ń sọ ni pé odò ni ká kọ́kọ́ wò. Fún irú ibi bẹ́ẹ̀, àwọn ará Japan ní ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè ní tenkara, tí wọ́n fi ń pẹja ní àwọn odò orí òkè wọn. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 12, kò ní kẹ̀kẹ́ okùn rárá; orí ọ̀pá gan-an ni wọ́n so okùn mọ́, eṣinṣin kan sì wà ní ìdí okùn. Ọ̀pá náà máa ń wọ inú ara rẹ̀, kó lè wọ àpò.

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín pa wá. Ṣé kì í ṣe ìwọ̀ ilé wa nìyí? Ọ̀kan nínú wa dàgbà sí ẹ̀bá odò kan nítòsí Ìkirè. Ọparun ni wọ́n ń gé, wọ́n á so okùn mọ́ ọn lórí, wọ́n á fi ìwọ̀ sí i, ó parí. A kò ní trout ní ilẹ̀ wa o. Ẹja omi tútù ni, odò wa gbóná jù fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó so okùn mọ́rí kì í ṣe nǹkan àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn ará England gan-an, nígbà tí wọ́n tẹ ìwé lórí ẹja pípa ní 1496, okùn irun ẹṣin tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́ okùn nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa mọ́ pé ọ̀pá kékeré tàbí ọ̀pá aláìníkẹ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀pá ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ “ọ̀pá ọmọdé” yẹn ló dùn wá jù nípàdé. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹja pípa ní ilẹ̀ yìí jẹ́ ti àwọn ọlọ́lá: ọkùnrin tó dúró nínú odò ńlá, tó wọ bàtà dé àyà, tó gbé ẹja salmon lọ́wọ́ nínú fọ́tò. Torí náà, bí a bá máa ṣe é, a fẹ́ jọ ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ra ọ̀pá kan olówó ńlá, ta ló máa gbé e? Alága àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún kìíní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, tí òtútù ń mú, tí kò mọ ẹnìkan, kò ní láyà láti sọ pé kí wọ́n gbé e fún òun, kó má baà ṣẹ́ ẹ. Ọ̀pá náà á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á máa dán. Ọ̀pá tòkunbọ̀ mẹ́ta ní ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké sàn ju ọba ọ̀pá kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Kí á tó dákẹ́ lórí ohun èlò, ìbéèrè kan wà tí gbogbo èèyàn ń bi wá: “Ẹ lọ mú ẹja, ẹ wá dá a padà sómi. Ṣé orí yín pé?” Màmá ọ̀kan nínú wa béèrè lórí fóònù, wọ́n sì ní ká fi ọbẹ̀ ta á. Ìdáhùn wa nìyí. Nínú odò òkè tó tútù, tí oúnjẹ kò pọ̀, trout kì í tètè dàgbà. Ẹja tí kò gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ lè ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láyé. Bí àwa mẹ́rin bá ń kó mẹ́fà mẹ́fà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ní pẹ́ tí odò yẹn á fi di omi lásán. Láti ìgbà ìwọ́wé sí ìgbà òtútù ni wọ́n ń gun odò kékeré lọ láti yé ẹyin sínú òkúta wẹ́wẹ́. Ìyẹn wà lára ìdí tí òfin Scotland fi ti àkókò wọn láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ọmọ salmon náà máa ń gbé ibẹ̀, ó máa ń gbé eṣinṣin wa nígbà mìíràn, òfin sì ní ká dá a padà. A kò sọ pé ẹni tó bá jẹ ọ̀kan níbi tí wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ dẹ́ṣẹ̀. A ní kó mọ ohun tó ń jẹ.

Bí a bá fẹ́ kí ẹja tí a dá padà yè, ohun èlò tún wọ ọ̀rọ̀ náà. A máa ń fi ẹ̀mú tẹ irin kékeré tó yọ lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀, kí ìwọ̀ lè rọra yọ lẹ́nu ẹja. A máa ń fi omi rin ọwọ́ ká tó fọwọ́ kan ẹja, nítorí ọwọ́ gbígbẹ ń ṣí oje tó ń dáàbò bo awọ rẹ̀ kúrò. A ní tẹmọ́mítà kékeré: bí omi bá ti súnmọ́ ìwọ̀n 20 Celsius, a ó ká okùn, a ó lọ sílé, nítorí omi tó gbóná kì í ní afẹ́fẹ́ tó, ẹja tó bá jà nínú rẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí a ti fi í sílẹ̀. Ọ̀pá tó fúyẹ́ tún ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ bí ẹja ṣe tóbi tó. Ká ní òun la mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni, ẹja kékeré yẹn kì bá má fò lórí wa kọjá.

Nítorí náà, àbá wa sí ìgbìmọ̀ rèé. Kí á ra ọ̀pá tòkunbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 7, olókùn nọ́ńbà 3, méjì, àti tenkara kan. Ohun tí a ti rí lọ́jà kò ju £50 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ àwa náà la wà lókè òkun báyìí. £50 tó bá kù, kí á fi ra eṣinṣin, ẹ̀mú àti tẹmọ́mítà, kí á sì tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ìwé ìyọ̀ǹda. Scotland kò ní láísẹ́ńsì ọ̀pá bíi ti England, àfi ní agbègbè Border Esk, ṣùgbọ́n odò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja àdúgbò máa ń ta ìwé ọjọ́ kan ní owó tí akẹ́kọ̀ọ́ lè san. Kò dáa kí orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wọnú ìwé nítorí pé a yọ́ wọ odò olódò.

Kí àwọn ohun èlò náà wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ìwé wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ gbé e yóò fọwọ́ sí. Ẹni tó bá gbé e padà, kó ti sá a gbẹ pátápátá, torí omi odò kan lè gbé àrùn wọ òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá nìkan lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Odò orí òkè máa ń kún lójijì, ọ̀pá ṣe é rà lọ́jà, èèyàn kò ṣe é rà.

Lópin oṣù kẹsàn-án tó kọjá, àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní tẹ̀ lé wa lọ. Kòkòrò midge jẹ ẹ́ títí tó fi sọ pé òun kò bá wa lọ síbì kankan mọ́ láyé. Bàbá àgbàlagbà náà ti ní ká ṣì máa lo ọ̀pá wọn, a bá gbé e fún un. Lẹ́yìn wákàtí kan ó mú ẹja kan, ara rẹ̀ pupa tótótó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rin ọwọ́ rẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, ó yọ ìwọ̀, ó sì di ẹja náà mú jẹ́jẹ́ kó kọjú sí ìṣàn omi. Ẹja náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń ronú, ó sì lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo la tún ń lọ?”

Bàbá náà yóò gba ọ̀pá wọn padà lọ́dún yìí, ọmọ ọmọ wọn ti tó mú un dání. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta kò sì jìnnà mọ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dìbò, ẹ bá wa dé odò náà lẹ́ẹ̀kan. Kò gba ju ogún ìṣẹ́jú nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ dúró lébùúté, ẹ wo bí omi náà ṣe fẹ̀ tó, ẹ wòkè wo igi tó bò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí ẹ fẹ́ fi ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 sí.